Bí A Ṣe Ń Sọ Ọ̀sán Di Alẹ́ ní Ìsọlọ̀

Tóbi, fa kọ́tìnnì yẹn kó bo fèrèsé dáadáa, kó o tó ní kí n pàlọ́ fún ọ. Mo mọ̀ pé ooru ń mú. Mo mọ̀ pé aago mẹ́rin kò tíì lù. Ẹ̀yin ọmọ yìí ti ń bi mí tipẹ́ pé kí ló dé tí Màmá kì í pàlọ́ bí ilé kò bá ṣókùnkùn, èmi náà á sì dá yín lóhùn pé bí a ṣe bá a nìyẹn. Ìdáhùn ọ̀lẹ ni. Lónìí tí kò síná, tí fóònù gbogbo yín sì ti kú, ẹ jókòó kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé màá tú u palẹ̀ fún yín o. Èmi alára, ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé mi títí di bí mo ṣe jókòó yìí.

Dámi ló mú un wá sí mi lọ́kàn. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo bá a ní pálọ̀, ó ki nǹkan bọ etí méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sẹ́nì kankan. Mo ní, “Dámi, ta lò ń bá rẹ́rìn-ín?” Ó ní, “Màmá, lẹ́sìn orí fóònù ni mò ń ṣe. Ọkùnrin tó ń kọ́ wa ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.” Mo padà sí yàrá, mo jókòó, orí mi dàrú. Kì í ṣe pé ó ń rẹ́rìn-ín kàwé ló rú mi lójú o, nítorí bí àwa náà ṣe kàwé nìyẹn. Ẹ̀rín àdárín yẹn ni kò yé mi. Nígbà tiwa, bí èèyàn bá dá jókòó tó ń rẹ́rìn-ín, ṣe ni wọ́n á ránṣẹ́ pe àwọn ará ilé rẹ̀. Àbí ayé ti yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rín ò fẹ́ ẹnìkejì mọ́?

Ìsọlọ̀ tí ẹ mọ̀ yìí kọ́ ni mò ń sọ. Ibi tí wọ́n kọ́ Jákàńdè Ẹ̀sítéètì sí, igbó ni. A máa ń já ewé eéran níbẹ̀ fún àwọn tó ń pọ́n ẹ̀kọ. Ẹni tó bá ní òun ń lọ sí Èjìgbò, a óò bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀, àfi bí ẹni tó ń lọ sí ìrìn-àjò. Ṣùgbọ́n owó epo ti ń wọlé, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń hù bí olú. Fèrè ilé iṣẹ́ aṣọ á dún láàárọ̀ kùtù, á tún dún ní aago méjì ọ̀sán, tí èyí bá sì dákẹ́, wàá gbọ́ ọkọ̀ ojú irin láti Òṣòdì. Àwa ò ní aago lọ́wọ́. Etí la fi ń mọ ìgbà.

Àsìkò yẹn náà ni wọ́n yí ọ̀nà padà. Ṣé ẹ mọ̀ pé apá òsì la máa ń gbà wa mọ́tò tẹ́lẹ̀? Ó kàn di ọjọ́ kan, ìjọba ní apá ọ̀tún ló kù. Àwọn tó ń wa mọ́tò tètè mọ̀ ọ́n. Àwa tó ń fẹsẹ̀ rìn ni ojú wa rí màbo. A óò wo ibi tí mọ́tò ò gbà mọ́, a óò wá kọ ẹ̀yìn sí ibi tó ń gbà bọ̀. Bàbá kan nínú ilé tí mò ń gbé dúró sí ibi tó máa ń dúró sí ní Òṣòdì, ó ń retí bọ́ọ̀sì Múṣin, Agége ni bọ́ọ̀sì náà gbé e lọ. Nígbà tó délé, ó bọ́ fìlà, ó ní, “Ẹ gbà mí o, wọ́n ti gbé Múṣin kúrò níbi tó wà.” A fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ṣì ń bọ̀ wá bá mi.

Ìdí ẹ̀rọ ìhunṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò tíì bí ìyá yín nígbà náà. Eruku òwú inú ilé yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ mọ irú rẹ̀. Tí a bá jáde ní aago méjì, gbogbo irun wa á ti funfun, a óò wá máa kí ara wa pé, “Ẹ kú ogbó o, ẹ̀yin àgbà.” A óò máa rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ṣùgbọ́n eruku ò bá wa ṣeré. Mo ti ń wúkọ́. Ìyá Bọ́sẹ̀, tí ẹ̀rọ tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ikọ́ tirẹ̀ tún le ju tèmi lọ. Yàrá kan wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbi tí wọ́n ti ń yẹ aṣọ wò kó tó jáde, fèrèsé ńláńlá, atẹ́gùn, kò sí eruku kankan. Ọ̀gá wa ní ẹni tó bá mọ̀wé kà, tó sì mú ìwé ẹ̀rí wá, ni wọ́n lè gbé lọ síbẹ̀. Ìdí tí mo fi lọ kàwé nìyẹn. Mi ò fẹ́ di akọ̀wé, mo fẹ́ rí èémí mí ni.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní yàrá kan lẹ́yìn, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àgbà níwèé láti aago mẹ́ta. Ọmọ Èkìtì bíi tèmi ni tíṣà wa. Tíṣà Jẹ́jẹ́ la sọ ọ́, nítorí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ohùn yẹn ló sì kọ́kọ́ kó bá a. Ẹni tó ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀, tó wá rí bẹ́ǹṣì jókòó lé, tí wọ́n tún ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Oorun là ń sùn. Lọ́jọ́ kan Tíṣà kọ̀wé sí pátákó, nígbà tó máa yíjú padà, gbogbo wa ti lọ. Ìyá Bọ́sẹ̀ nìkan lojú rẹ̀ ṣí, òun náà sì ń jẹ ẹ̀pà kí oorun má baà gbé e ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ Ìyá Bọ́sẹ̀ fún yín. Ọmọ Ifọ̀ ni, obìnrin pẹ́ńpẹ́, ó gbà mí lẹ́gbọ̀n-ọ́n. Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ ká máa gbóhùn ara wa níbi iṣẹ́, nítorí náà ojú àti ọwọ́ ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Ó lè sín ọ̀gá wa jẹ láti orí bó ṣe ń tún táì ṣe títí dé bó ṣe ń wojú aago, kò sì ní ya ẹnu. A óò rẹ́rìn-ín títí òwú á fi já. Mo ti rí ojú rẹ̀ tó di ti ọ̀gá, tó di ti pásítọ̀, tó di ti ọmọ ọwọ́ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé mo ti mọ gbogbo ojú tó ní.

Lọ́jọ́ oorun yẹn, Tíṣà wò ó, ó ní, “Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ò sùn, ẹ bá mi jí àwọn èèyàn yín. Ẹ pa àlọ́ kan.”

Ìyá Bọ́sẹ̀ gbé ẹ̀pà sílẹ̀. “Lọ́sàn-án gangan yìí, Tíṣà?”

“Kí ló burú ńbẹ̀?”

“Háà. Ṣé wọn ò sọ fún yín ní Èkìtì ni? Ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á kú. Ẹyọ ìyá kan ni mo sì ní, sà.”

Ọ̀rọ̀ ìyá ló jí wa. Kò sí ẹni tí wọn ò ti fi èèwọ̀ yẹn dẹ́rù bà láti kékeré. Tíṣà fọwọ́ họrí, nítorí ìyá tirẹ̀ náà wà láyé. Ká tó mọ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀ ti dìde, ó ń ti fèrèsé onípákó wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra, gbogbo yàrá ṣú. Ó ní kí Tíṣà tan àtùpà. Nígbà tí Tíṣà tàn án, Ìyá Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀ kí gbogbo wa, ó ní, “Ẹ káalẹ́ o.” Àwa náà ní, “Ẹ káalẹ́.” Oòrùn ọ̀sán sì ń ràn lóde, àwọn tó ń kọjá lójú títì ń nu òógùn.

Àlọ́ adìyẹ tó fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ àgbà ló pa lọ́jọ́ náà. Adìyẹ so irun àgbàdo mọ́ àgbọ̀n, ó di irùngbọ̀n, ó lọ jókòó láàárín àwọn àgbà níwájú ọba. Òbúkọ ló jókòó tì í. Òbúkọ wo irùngbọ̀n náà, ó tún un wò, itọ́ ń dà á lẹ́nu. Ibẹ̀ ni ikọ́ ti gbé Ìyá Bọ́sẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àwa ń pariwo pé kí ló wá ṣẹlẹ̀. Ó fa Tíṣà mọ́ra, ó sọ ìyókù sí i létí. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sí pátákó, ó jókòó.

A ní, “Tíṣà, ẹ kà á fún wa.”

Ó ní, “Èmi ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó kà á.”

Ẹ̀yin ọmọ, ebi àlọ́ ju ebi oúnjẹ lọ. Mo na ọrùn sí pátákó yẹn, mò ń so lẹ́tà kan mọ́ èkejì, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú eruku. Òbúkọ. Ti jẹ. Irùngbọ̀n àgbà. Nígbà tó kó jọ sí mi lórí, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìwé bá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ló sì kọ́kọ́ fi kí mi. Àwọn tí kò tíì kà á débẹ̀ ń wò mí bí ẹni tó jẹun tì wọ́n.

Bó ṣe di àṣà wa nìyẹn. Fèrè aago méjì á dún, a óò fọwọ́ gbọn òwú kúrò lórí, a óò lọ sọ ọ̀sán di alẹ́. Ìyá Bọ́sẹ̀ á pàlọ́ dé ibi tó dùn jù, á dákẹ́, Tíṣà á kọ ìyókù. Ẹni tó bá ti kà á á rẹ́rìn-ín, kò sì gbọdọ̀ sọ fún ẹnìkejì. Ẹ̀rín ni Tíṣà fi ń mọ ẹni tó ti dé ìparí. Bàbá Ṣọlá, ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́, máa ń fi ẹ̀rín ṣe jìbìtì. Tí àwa bá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Tíṣà pè é síwájú lọ́jọ́ kan pé kó fi ara ṣe ohun tó kà, kí gbogbo ayé rí i. Bàbá Ṣọlá ronú díẹ̀, ó na apá méjèèjì, ó kọ bí àkùkọ. Ohun tó wà lára pátákó ni pé ehoro wọ inú ìkòkò lọ sùn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá Ṣọlá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lóòótọ́.

Kódà a ṣe eré níbi Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Bíbélì kì í ṣe àlọ́, nítorí náà a lè ṣe é lójúmọmọ, fèrèsé ní ṣíṣí. Bàbá Ṣọlá di Ábúráhámù. Èmi ni áńgẹ́lì, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ìyẹ́ fún mi. Tíṣà kọ ọ̀rọ̀ tí màá sọ, mo sì kà á títí mo fi há a sórí. Wọ́n so àgbò gidi mọ́ ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Mo yọ, mo ní, “Ábúráhámù, Ábúráhámù, má ṣe na ọwọ́ rẹ sí ọmọ náà.” Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo rí i pé àgbò ti já okùn, ó ti jẹ ìyẹ́ mi apá kan tán, ó ń bọ̀ wá sí èkejì. Ni áńgẹ́lì bá kó aṣọ jọ, ó di eré sísá. Ísáákì tí wọ́n fẹ́ fi rúbọ ló tú ara rẹ̀ sílẹ̀, tó bá mi mú àgbò. Àwọn ìjọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbàgbé láti kọrin ìdúpẹ́. Nígbà yẹn, bí nǹkan bá bàjẹ́ níwájú èèyàn, gbogbo wa la ó jọ gbà á. Lónìí, wọ́n á yà á sínú fóònù, ẹni tó wà ní Kánò á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, o ò sì ní gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Èwo ló dáa jù? Ẹ má bi mí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ mi. Ọjọ́ tí wọ́n máa yẹ̀ wá wò láti fún wa níwèé ẹ̀rí pé. Wọ́n rán ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́. Èèyàn dáadáa ni o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa, ó kí àwọn àgbà tó wà láàárín wa pẹ̀lú ìtẹríba. Ó kàn ní ooru pọ̀ jù, kí wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé. Oòrùn sì ya wọlé bí àlejò tí a ò pè. Ó ní òun ti gbọ́ pé a fẹ́ràn àlọ́, òun náà fẹ́ràn rẹ̀, àlọ́ lòun sì máa fi dán wa wò kí ara lè tù wá. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà:

“Ààlọ́ o. Ọ̀bọ kan fẹ́ fẹ́ ìyàwó. Ó sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé òun kò ní ìrù. Láti àárọ̀ ló ti jókòó lé ìrù náà mọ́lẹ̀. Ìjàlọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn àna ní kó dìde wá jẹun. Ọ̀bọ ní, Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ilé yín tù mí lára.”

Kò tíì kọ ọ́ tán tí ẹ̀rín fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ìborùn bo ẹnu. Èmi tẹ̀ lé e. Bàbá Ṣọlá, tí kò fi ẹ̀rín ṣe jìbìtì mọ́, ń gbọ̀n lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀gá yíjú padà, ó ní kí ló ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ó tọ́ka sí Ìyá Bọ́sẹ̀ pé kó dìde kó kà á sókè.

Ìyá Bọ́sẹ̀ dìde. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, ó ń kà á sínú. Ó wo fèrèsé. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀sán ni.”

“Mo mọ̀ pé ọ̀sán ni. Ẹ kà á.”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ti fèrèsé, sà.”

“Kí ẹ wá máa kàwé nínú òkùnkùn? Rárá o. Ta ló fẹ́ sọ ọ́ sí yín létí?”

Tíṣà Jẹ́jẹ́ ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní, “Ọ̀gá, wọ́n ti kà á. Ẹ̀rín tí ẹ gbọ́ yẹn, ìwé kíkà ni. Èèwọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ jáde.”

Ọ̀gá wò ó. “Èèwọ̀, Tíṣà? Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ̀rín kọ́ ni wọ́n rán mi wá yẹ̀ wò. Ẹnu wọn ni mo fẹ́ gbọ́.”

Ojú ti Tíṣà, ó padà sẹ́nu ilẹ̀kùn. Títí dòní ni mò ń rò ó, ṣé ọmọ Yorùbá bíi tiwa kọ́ ni ọ̀gá náà ni? Ṣé wọn ò sọ fún un ní kékeré ni, àbí wọ́n sọ, tó gbàgbé? Àbí ó mọ̀, tó sì gbà pé irú rẹ̀ kò sí nínú ilé ìwé? Ẹni mẹ́ta ló tún pè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wolẹ̀. Ó wá kàn mí.

Mo dìde. Mo rí ìyá mi lọ́kàn mi, ní Èkìtì, ó lóṣòó sídìí iná, ó ń fi ẹnu fẹ́ ẹ. Òun náà nìkan ni mo ní, bàbá mi ti lọ tipẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀ ni Ìyá Bọ́sẹ̀ ti ń wúkọ́, ikọ́ gbígbẹ yẹn tí kì í tán, mo sì gbọ́ bí àyà tèmi náà ṣe ń ta kókó láti dá a lóhùn. Mo bi ara mi pé, ìyá mi ni àbí èmi? Mo tún bi ara mi pé, bí èmi bá kú síbi òwú, ta ni yóò sin ìyá mi? Gbogbo rẹ̀ rọ́ pọ̀ sí mi lórí. Mi ò lè sọ pé mo ti pinnu kí n tó la ẹnu. Mo kàn gbọ́ ohùn mi ni, ó ń kà.

Nígbà tí mo dé ibi ìjàlọ, gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èmi, àwọn yòókù dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kà á geere, àfi bí ìgbà tí ẹnì kan bá ti gba inú odò kọjá, tí àwọn yòókù wá rí i pé kò mù ún. Ọ̀gá padà sọ́dọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ̀yin nìkan ló kù.”

Ìyá Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Ẹ bá mi kọ ọ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n kà, sà. Ìyá kan ni mo ní.”

Ẹni tó fi àlọ́ kọ́ gbogbo wa níwèé ni wọ́n kọ pé kò mọ̀wé kà. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Wọ́n gbé mi lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Atẹ́gùn ń fẹ́, ikọ́ mi lọ. Ìyá Bọ́sẹ̀ wà nísàlẹ̀ nínú eruku. Tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ kọjá, á fi ojú rẹ̀ ṣe bí ọ̀bọ tó jókòó lé ìrù, èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì yára kọjá.

Mò ń retí ìròyìn láti Èkìtì. Bí wọ́n bá ti kan ilẹ̀kùn, àyà mi á já. Òjò ọdún náà kò tíì dáwọ́ dúró tí ìròyìn fi dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti Ifọ̀ ló ti wá. Ìyá Ìyá Bọ́sẹ̀ ló kú.

Ẹ gbọ́ mi yé o. Ẹni tó pa èèwọ̀ mọ́ ni ìyá rẹ̀ kú. Èmi tí mo la ẹnu lójú oòrùn, ìyá tèmi pẹ́ láyé títí ó fi jó níbi ìgbéyàwó ìyá yín, Tóbi. Ẹ ti rí fọ́tò rẹ̀.

Mo sin Ìyá Bọ́sẹ̀ lọ sí ìdíkọ̀ ojú irin ní Òṣòdì. Èmi ni mo ru ẹrù rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó pe orúkọ mi.

“Dúpẹ́, ìyá tìẹ ńkọ́?”

“Wọ́n wà, mà.”

“Ara wọn le?”

“Ó le, mà.”

Ó mirí. Ó wo ojú irin sí ọ̀tún, ó wò ó sí òsì. Ó ní, “Á jẹ́ pé ikú ló ṣi ilé yà. Láti ìgbà tí wọ́n ti yí ọ̀nà yìí padà, ta ni kì í ṣìnà?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó máa ń rín níbi iṣẹ́ gan-an ni, èjìká méjèèjì ń mì, kí ikọ́ tó já a gbà. Mo fẹ́ bá a rín in, kò jáde. Mo fẹ́ sunkún, ìyẹn náà ò jáde. Ọkọ̀ dé, ó gba ẹrù lọ́wọ́ mi, ó gòkè. Kò padà sí Èkó mọ́, mi ò sì tún fojú kàn án.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Bóyá ohun tó ń ṣe nìyẹn. Bóyá ẹ̀bi ló ń fi ẹ̀rín dá mi, pé ikú tí mo pè sílé ara mi ló yà sílé òun. Bóyá ó ń dárí jì mí ni, nítorí ó mọ̀ pé mi ò ní sùn. Mo ti mọ̀wé kà nígbà náà, mò ń ka ìwé ìròyìn fún gbogbo ará ilé wa, ṣùgbọ́n ojú obìnrin yẹn lọ́jọ́ náà, mi ò lè kà á. Láti ìgbà náà ni mo ti ń so lẹ́tà rẹ̀ pọ̀.

Kíláàsì wa ò pẹ́ tú ká. Tíṣà gbìyànjú, ó ní kí ẹlòmíràn máa pàlọ́. A ò ti fèrèsé mọ́, nítorí a ti rí i pé kò sóhun tó ṣe èmi. A lè ka gbogbo ohun tó bá kọ. Ṣùgbọ́n a kì í tètè rẹ́rìn-ín mọ́, oorun sì padà wá. Kí ló fà á? Ṣé òkùnkùn ló ń kọ́ wa ni, àbí Ìyá Bọ́sẹ̀, àbí ìbẹ̀rù pé ìyá ẹnì kan lè kú bí a bá ṣe é bó ṣe wù wá? Dámi, ìwọ tí ọkùnrin inú fóònù ń pa lẹ́rìn-ín, bá mi bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n.

Tóbi, mo rí ọ tó o ń wò mí. Sọ ọ́.

“Màmá, ṣùgbọ́n ẹ ti kà á lọ́sàn-án, kò sì sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá yín pàápàá ti kú tipẹ́. Kí lẹ tún ń ti fèrèsé fún?”

Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni. Ìyá tèmi ni kò sí mọ́. Ìyá tìrẹ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ yìí. Fa kọ́tìnnì yẹn kó kanlẹ̀.